Eyín Ọmọ Ológbò Kì Í Ṣe Ohun Àmúṣeré

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọmọ ológbò kan kú ní ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò tíì tó oṣù méjì láyé. Àdúgbò ni wọ́n ti rí i he, kò sí ìyá, kò sí olówó. Àánú rẹ̀ ṣe ẹni tó rí i, ló bá gbé e wọlé. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, gìrì mú un, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Ká ní ibòmíì ni, wọn ì bá gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sin ín, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn ará Omaha ní kí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò ná. Dìgbòlugi ni wọ́n bá níbẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá tó ti fara kàn án ṣe di ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ nìyẹn.

Ajá la mọ àrùn yìí mọ́, a ò sì jẹ̀bi, torí ajá ló ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn tó ń pa lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ àjẹsára lé irú ti ajá lọ, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 2007. Ara ẹranko ìgbẹ́ ni dìgbòlugi kù sí lọ́dọ̀ wọn: àdán, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní skunk, àti raccoon, ẹranko kan tí ojú rẹ̀ dúdú yíká bíi ti adigunjalè tó wọ ìbòjú, tó máa ń tú garawa ìdọ̀tí lóru. Ológbò tí ò ní ilé ń jẹun nídìí garawa kan náà. Abájọ tó fi jẹ́ pé, nínú àwọn ẹran ọ̀sìn wọn, ológbò ló ń kó dìgbòlugi jù, ó ju ti ajá lọ.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ní Omaha ni pé irú dìgbòlugi tí raccoon ń gbé kiri ni wọ́n bá lára ọmọ ológbò yẹn, bẹ́ẹ̀ irú yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìhà ìlà oòrùn, níbi òkè Appalachian, ló ń gbé, ó sì ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ sí Omaha. Ó ti ṣe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rí. Florida àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1977, ó ti yọ ní West Virginia, ohun tí wọ́n sì rí dì mú ni pé àwọn ọdẹ ló kó raccoon gòkè wá kí ẹran lè pọ̀ nínú igbó wọn. Ọwọ́ èèyàn ló gbé e. Láti ibẹ̀ ló ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí àríwá, tó fi wọ New Hampshire lọ́dún 1992.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni New Hampshire rí ohun tójú rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1994, àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ ológbò kan tó wá láti ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn kan nílùú Concord ní dìgbòlugi, irú ti raccoon. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọ ológbò wo ló máa wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọdé ò ní fọwọ́ pa lórí? Ẹni tí ò fẹ́ ra nǹkan kan á gbé e, á fi í lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á gbé e sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ta ló máa wá rántí èwo lòun gbé? Nígbà tí ìròyìn tàn ká, ó kéré tán èèyàn 665 ló gba abẹ́rẹ́. Owó oògùn nìkan jẹ́ mílíọ̀nù 1.1 dọ́là, gbogbo ìnáwó sì tó mílíọ̀nù 1.5. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó àrùn náà nínú wọn. Àwọn kan lè ní owó ni wọ́n fi ṣòfò. Kí irú wọn lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti jókòó ti aláìsàn dìgbòlugi rí.

Nítorí inú itọ́ ni kòkòrò àrùn yìí ń bá wá. Bí eyín bá ti lu awọ, á wọnú iṣan, á sì máa fà lọ sí ọpọlọ. Ó lè gba oṣù kan sí mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìgbà yẹn ẹni náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn gan-an sì ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Tí omi bá ti ń bà á lẹ́rù, ó ti pẹ́ jù.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èèyàn. Kò sí àyẹ̀wò tí a lè ṣe fún ẹranko ààyè tí ọkàn á fi balẹ̀ pé kò ní dìgbòlugi. Ọpọlọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, a ò sì lè yọ ọpọlọ ẹranko kó ṣì wà láàyè. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjìlá kì í sábà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Nítorí náà, bí ọmọ ológbò tí ò ní olówó bá bù ọ́ jẹ ní Amẹ́ríkà, yálà kí wọ́n sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, tàbí kí wọ́n pa á, kí wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó ní ìfẹ́ ló mú kóun fi ọwọ́ lásán ki ọmọ ológbò mọ́lẹ̀, orí ọmọ náà ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ó sì ní bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ ológbò ìgboro. Lákọ̀ọ́kọ́, má sáré gbé e. Bí àwọn ọmọ bá mọ́ tónítóní, tí ikùn wọn yó, tí wọ́n sùn lé ara wọn lórí, oúnjẹ ni ìyá wọn wá lọ. Jìnnà síbẹ̀ kó lè padà. Àmọ́ má dúró títí ayé, torí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọmọ ológbò máa ń tètè mọ èèyàn. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta láì mọ èèyàn, iṣẹ́ di ńlá. Ìgbà tó bá ti lè dá jẹun ló dáa kí a mú un, kí á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí á fi aṣọ ìnura wé e, ó di inú yàrá kékeré kan tí kò ní ihò tó lè kó sí.

Á kọ́kọ́ bá ọ jà. Á ká ẹ̀yìn sókè, á tẹ etí mọ́ orí, á máa dún ṣìì, á sì tutọ́, gbogbo ara rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Jókòó sílẹ̀, má wò ó lójú kòrókòró. Bu oúnjẹ inú agolo sórí ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn, nà án sí i, má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mílíìkì màlúù kọ́, ìyẹn á mú kó máa ṣu gbuuru. Á gbóòórùn rẹ̀, á fà sẹ́yìn, á tún na ọrùn. Bó bá ti lá a lẹ́ẹ̀kan, ebi ti bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́. Lọ́jọ́ míì, bó ṣe ń lá ṣíbí, fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kan ẹ̀yìn orí rẹ̀, má gba iwájú wá. Ọjọ́ tó bá kùn hùn-ùn nígbà tó ń jẹun, o ti ń borí. Má ṣe fi ìka bá a ṣeré láé. Okùn tàbí ìyẹ́ adìyẹ ni kó máa lé. Bí ajá tàbí ológbò mìíràn bá wà nílé, kí wọ́n má ríra títí dókítà ẹranko á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó bá wá bù ọ́ jẹ ńkọ́? Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ká tó sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn kan ṣì ń fi epo pupa tàbí irun ajá lé ojú ọgbẹ́, wọ́n á ní ó ti jinná. Ojú rẹ̀ lè jinná lóòótọ́, àmọ́ kòkòrò àrùn náà lè ti máa fà lọ sí ọpọlọ. Bí o bá ti fọ̀ ọ́ tán, lọ sọ òtítọ́ fún dókítà: bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, àti gbogbo ẹni tó gbé e. Má yọ orúkọ ọmọ àna rẹ kúrò nítorí ìtìjú. Lónìí, abẹ́rẹ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń gún lọ́hùn-ún, pẹ̀lú omi oògùn mìíràn tí wọ́n ń gún yí ojú ọgbẹ́ ká lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní Omaha, wọn ò fi mọ sórí èèyàn mẹ́wàá yẹn. Wọ́n dẹ pańpẹ́ tó dà bí àgò adìyẹ sí àdúgbò náà àti àyíká rẹ̀, wọ́n mú raccoon, wọ́n mú skunk, wọ́n mú ológbò ìgboro, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ẹni tó kó ọmọ ológbò ṣe fún ìyá wọn, torí oyún ológbò ò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ, ó sì lè lóyún míì nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ ṣì ń mu ọmú. Ẹja inú agolo ni wọ́n fi ń tàn án wọ pańpẹ́. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n á gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má baà tún mú un lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sì dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un.