Àkàrà Ọya ní Ìgboro Salvador

Ní ìlú Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, baiana ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin tó ń dín àkàrà ní ìgboro, èyí tó túmọ̀ sí obìnrin Bahia. Ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n bó, tí wọ́n sì lọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ àlùbọ́sà àti iyọ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á là á láàárín, wọ́n á sì fi vatapá sí i nínú, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti omi àgbọn sè. Acarajé ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn Yorùbá tí òwò ẹrú gbé sọdá òkun ló mú un débẹ̀, oúnjẹ Ọya ni wọ́n sì kà á sí nínú Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹrú àti àtọmọdọ́mọ wọn ṣe tún un tò ní ilẹ̀ Brazil. Bí oúnjẹ òrìṣà bá wá di ọjà, tí ọjà náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò gba òrìṣà gbọ́, ṣé ohun mímọ́ inú rẹ̀ ṣì kù síbẹ̀?

Ó rọrùn láti dáhùn pé títà ló ba ohun mímọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn òwò yìí kò gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ní ayé ẹrú, àwọn olówó ẹrú a máa rán àwọn obìnrin jáde láti kiri oúnjẹ, àwọn obìnrin náà á san iye kan fún olówó wọn, wọ́n á sì fi ìyókù pamọ́, inú irú owó bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn sì ti ra ara wọn padà. Nínú Candomblé, ojúṣe àwọn ọmọ Ọya, ìyẹn àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ni títà àkàrà jẹ́ látijọ́, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà ìgbàwọlé sínú awo. Títí di òní, àwọn kan nínú wọn a máa kọ́kọ́ dín àkàrà kéékèèké tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún Èṣù kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, èyí sì bá èrò Yorùbá mu pátápátá, nítorí Èṣù ló ni oríta, òun ló sì ni ọjà, ẹni tó bá ń tajà láìyọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì dà bí ẹni tó wọ ilé onílé láìkí i. Yorùbá kò ka ọjà sí ibi tí ohun mímọ́ kò gbọdọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ ojúbọ ló wà láàárín ọjà gan-an. Nínú jíjẹ́wọ́ ẹni tí ènìyàn jẹ ní ẹ̀tọ́ ni ohun mímọ́ àkàrà yìí wà.

Ìyípadà tó dé bá ìgboro Salvador ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Bí àwọn ìjọ ajíhìnrere ṣe ń pọ̀ sí i, àwọn obìnrin tó ti di ọmọ ìjọ ń dín àkàrà kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti bọ́ aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà sílẹ̀, àwọn kan sì ti pa orúkọ rẹ̀ dà sí bolinho de Jesus, ìyẹn àkàrà Jésù. Àṣẹ ìlú náà ti ọdún 1998 béèrè pé kí alákàrà wọ aṣọ ìbílẹ̀ baiana. Ní ọdún 2005, IPHAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ogún àṣà Brazil, kọ iṣẹ́ àwọn baiana sínú ìwé ìmọ̀ àjogúnbá. Iṣẹ́ àti ìmọ̀ àwọn obìnrin náà ni àjọ yìí sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe àkàrà tó wà nínú epo.

Ẹ̀rù tó ń ba onígbàgbọ́ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ẹni tó gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà lè máa rò pé oúnjẹ tí a fi bọ òrìṣà yóò sọ òun di alábàápín nínú ìbọ náà. Síbẹ̀, ìbéèrè yìí gan-an ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 8, níbi tó ti ṣàlàyé pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan, àti pé oúnjẹ kọ́ ló ń sún ènìyàn mọ́ Ọlọ́run, àfi kí ẹni tó mọ èyí ṣọ́ra kó má baà mú ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò lágbára kọsẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé àlàyé yìí, kò sí àbàwọ́n kan lára ẹ̀wà tí a ó máa fi orúkọ Jésù wẹ̀ nù. Nílẹ̀ Yorùbá, Ọya ń jẹ àkàrà, wọ́n ń dín in pín bí àgbàlagbà bá kú, àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí sì ń tà á láràárọ̀ fún ẹni tó ń fi mu ẹ̀kọ tàbí tó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, láìsí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdílé ló mọ̀ ọ́n dín níbí. Ní Salvador, ọwọ́ àwọn ọmọ òrìṣà ni ó ti là á já, lábẹ́ ìjọba tó ń fi ọlọ́pàá lépa wọn, títí di ọdún 1976 sì ni àwọn ilé Candomblé ní Bahia ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Nítorí náà, gbèsè wà nílẹ̀, ìyípadà ẹ̀sìn kò sì san án. Ẹni tó kúrò lẹ́yìn Ọya kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kí òfin fi túlàsì wọ aṣọ baiana sí i lọ́rùn, nítorí aṣọ ìsìn tí ìjọba fi dandan wọ̀ fún ènìyàn ti di aṣọ iṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mú ẹ̀wà, epo, ọ̀nà dídín àti oníbàárà tí àwọn ọmọ Ọya fi ìyà kó jọ, kó wá pa orúkọ tó ń sọ ibi tí wọ́n ti wá rẹ́, àìṣòótọ́ ni, ẹ̀sìn tó sì kórìíra irọ́ kò lè fọwọ́ sí i. Kí alákàrà tó jẹ́ ọmọ ìjọ máa sin Jésù rẹ̀ ní àlàáfíà, kó sì máa pe ọjà rẹ̀ ní acarajé.