Ẹni Tí Yóò Sọ Pé Ẹ Má Nà Án

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ pé olè jíjà kò dára, eré ni yóò ní kí wọ́n ṣe. Ẹnìkan a ṣe olè, ẹnìkan a ṣe ọlọ́pàá, ìyókù a di èrò ọjà. Olè a mú owó, wọn a ké lé e lórí, wọn a fi rúlà nà án, kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín. Ó parí. Mo fara mọ́ eré náà gan-an, àmọ́ n kò fara mọ́ ibi tí wọ́n ń parí rẹ̀ sí.

Ọmọ tó ṣe olè nìkan kọ́ ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń pariwo "Olè! Olè!" náà ń kọ́ pé bí a bá ti pe èèyàn lólè, ó di ẹni tí ẹnikẹ́ni lè lù. A sì mọ ibi tí ìyẹn ń já sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n lójú èrò, àwọn kan sì ń ya fídíò. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá kan wà lára wọn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní Aluu, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Abala 390 òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló là sílẹ̀ fún olè jíjà lásán, kì í ṣe ikú.

Èyí kò ní ká fọwọ́ pa olè lórí. Mo wo irú eré yìí ní kíláàsì JSS 2 kan. Ọmọbìnrin kan fi súwẹ́tà wé gèlè, ó to ẹfun ìkọ̀wé sórí ìwé ńlá, ó ní ẹ̀pà lòun ń tà. Nígbà tí èrò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í na olè, olùkọ́ dá wọn dúró, ó ní kí ẹlẹ́pà sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní, "Owó yẹn ni mo fẹ́ fi ra ọjà ọ̀la. Kí ni n ó wá tà?" "Ẹ ṣàánú mi" nìkan ni olè há sórí, kò mọ èsì tó lè fọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kó dá owó padà, kó sì bá ẹlẹ́pà ru igbá.

Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì jalè ló yẹ ká fi kìlọ̀ fún. Ọmọ tí a ń pè lólè láàárọ̀ lálẹ́, ojú kì í tì í mọ́, ìtìjú sì ni ọmọlúàbí fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe eré yìí ní táàmù tó ń bọ̀, ẹ fún ẹni tó ni nǹkan lọ́rọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí olè dá nǹkan padà. Kí ẹ sì yan ọmọ kan láàárín èrò tí yóò sọ pé, "Ẹ má nà án, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀."