Ǹjẹ́ Ó Tọ́ kí Akẹ́kọ̀ọ́ Gbé Ẹ̀rọ Géèmù Lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì?



Nígbàkúùgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá fẹ́ wọlé, wàhálà a máa pọ̀ nínú ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní gbogbo agbègbè wa. Ìyá a máa di gààrì àti èlùbọ́ sínú àpò, a sì máa rọ epo pupa sínú ike. Bàbá a máa ka owó ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá a máa ṣí àpótí ọmọ láti to aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sí i, tí yóò sì bá ẹ̀rọ géèmù ní ìsàlẹ̀, tí a fi aṣọ ìnura wé. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni èyí ń wá nínú ẹrù ẹni tí ó ń lọ kàwé?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Màámi, eré ráńpẹ́ ni. Bí mo bá ti kàwé tán ni mo máa ń ta á."

Bàbá yóò ti inú yàrá dá sí i pé: "Ṣé eré ni a tà oko nítorí rẹ̀?" Ọmọ yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìgbà, nítorí pé nínú ọkàn rẹ̀ ni ó ti ń wí pé òun kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìlú tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni Ìkẹ́rẹ́ láti ọdún 1977, nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a ti sọ di yunifásítì lónìí, tí a sì fi orúkọ Olóògbé Bámidélé Olúmìlúà pè. Bí a ti ń rán ọmọ tiwa lọ sí ìlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹlòmíràn ń bọ̀ wá bá wa gbé. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí a má sì ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti òbí. Òbí mọ iye tí iṣu àti kòkó mú wá lọ́jà, ó sì mọ iye tí ó kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó san owó ilé-ìwé. Ó ti rí ọmọ aládùúgbò tí ó wọlé pẹ̀lú ọgbọ́n, tí ó sì jáde láìní ìwé-ẹ̀rí. Ó ti rí àwọn ọ̀dọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù, tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ wọn ta ọ̀pá lórí bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹsẹ̀ gbá. Ẹ̀rù tí ó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù asán. Àwọn baba wa wí pé, "Bí eré, bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù."

Ẹ jẹ́ kí a sì gbọ́ ti ọmọ. Òun wí pé iṣẹ́ orí a máa rẹ ènìyàn bí iṣẹ́ oko ti í rẹ̀ ẹ́. Pé lẹ́yìn tí òun bá ti jókòó sí kíláàsì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí ọkàn òun sinmi. Pé nídìí eré náà ni òun ti ń bá ẹgbẹ́ òun ṣọ̀rẹ́ nílùú tí òun kò ti ní ẹbí. Ó tún wí pé bàbá òun pàápàá a máa jókòó sídìí ayò ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀lẹ. Èyí náà kì í ṣe irọ́.

Ǹjẹ́ eré ha jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí? Rárá o. Ẹni Mímọ́ Tọ́másì ará Àkúínò, olùkọ́ ńlá nínú Ìjọ, tí ó kú ní ọdún 1274, bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí gan-an. Ó rántí ìtàn àwọn bàbá ìgbàanì nípa Jòhánù Ẹni Mímọ́, Ajíhìnrere. Àwọn kan bá a níbi tí ó gbé ń bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeré, ó sì bí wọn nínú. Jòhánù ní kí ọ̀kan nínú wọn, tí ó gbé ọrun dání, ta ọfà. Ọkùnrin náà ta á lẹ́ẹ̀kan, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ta á. Jòhánù wá bi í bí ó bá lè máa ta á bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó ní rárá, pé ọrun náà yóò ṣẹ́. Jòhánù sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn ènìyàn yóò ṣẹ́ bí a kò bá dẹ okùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tọ́másì kò dúró síbẹ̀. Ó fi ààlà mẹ́ta sí eré: èkíní, kí ó má ṣe jẹ́ ohun ìtìjú tàbí ohun tí ó ń pa ẹlòmíràn lára, èkejì, kí ọkàn má ṣe sọ ìwọ̀n rẹ̀ nù sínú rẹ̀, ẹ̀kẹta, kí ó yẹ ẹni tí ó ń ṣe é, kí ó yẹ àkókò, kí ó sì yẹ ibi tí a gbé ń ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé ó tún bá ẹni tí kì í ṣeré rárá, tí ó sì ń ba ayọ̀ ẹlòmíràn jẹ́, wí.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi ayò wé géèmù, nítorí pé ọmọ ni ó mú ayò wá sínú ẹjọ́. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Bí ọmọ ayò bá ti tán lójú ọpọ́n, eré parí. A mọ ẹni tí ó jẹ ọ̀ta, a mọ ẹni tí ó jẹ ọ̀pẹ̀, a sì lè dìde. Ìta gbangba ni a ti ń ta á, lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìyàwó ti lè pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun, tí àgbà tí ń kọjá sì lè wí pé, "Ó tó o." Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù ayé òde òní ni a ṣe kí ó má baà parí. Bí o bá borí nínú ọ̀kan, òmíràn ti ṣí sílẹ̀. Bí a bá sì borí rẹ, ẹ̀rọ ń pè ọ́ kí o tún un ṣe. Nínú yàrá ni ọmọ ti ń ta á, ní òru, níbi tí kò sí àgbà tí yóò wí pé ó tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta géèmù ní láti jẹ́ àgbà fún ara rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a rí èyí. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á wọlé pé títa géèmù lè di àìsàn. Wọn kò pe gbogbo ẹni tí ń ta á ní aláìsàn. Ẹni tí wọ́n ń sọ ni ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, tí ó fi géèmù ṣáájú ohun gbogbo, tí ó sì ń bá a lọ bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń ba ayé òun jẹ́. Wọ́n sì ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ a máa tó ọdún kan kí a tó fi orúkọ àìsàn pè é. Ní ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà pàṣẹ pé kí àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 má ṣe ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ lọ́jọ́ Ẹtì, Sátidé àti Àìkú.

Ǹjẹ́ kí àwa náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa kí ọ̀rọ̀ sì tán? Ibí yìí ni ó ti ṣòro, ẹ̀yin òbí. Bí ẹ bá yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú àpótí, fóònù tí ẹ fúnra yín rà kí ọmọ lè máa pè yín ṣì wà nínú àpò rẹ̀, géèmù sì wà nínú fóònù. Àṣẹ tí a pa nílé kì í bá ọmọ wọ ọkọ̀. Ọmọ tí ó sì fi ìbẹ̀rù nìkan gbọ́ràn yóò kọ́ bí a ti ń fi nǹkan pamọ́. Láìpẹ́ yóò kọ́ bí a ti ń fi èsì ìdánwò pẹ̀lú pamọ́. Nígbà náà, ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ yín ju ẹ̀rọ kan lọ.

Òfin kẹrin pàṣẹ fún wa láti bọlá fún bàbá àti ìyá. Katikísìmù Ìjọ wa ṣe àlàyé rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń gbé nínú ilé òbí rẹ̀, ó ní láti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu nínú ohun rere. Pé bí ó bá ti dá dúró, ìgbọ́ràn náà dópin, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò lópin láéláé. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì dúró sí àárín méjèèjì. Ó ti kúrò lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nídìí àwo bàbá rẹ̀. Nítorí náà, òbí tí ó wí pé ọmọdé ṣì ni kò sọ òtítọ́ tán. Ọmọ tí ó wí pé òun ti dàgbà kò sọ òtítọ́ tán pẹ̀lú.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́ èyí. Àkókò tí o ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe tìrẹ nìkan. Àwọn kan ni wọ́n fi òógùn rà á fún ọ, àbúrò rẹ sì lè wà nílé tí ń dúró kí o parí kí ó tó kàn án. Bí o bá fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò, kì í ṣe ara rẹ nìkan ni o ṣẹ̀. O ti ná owó olówó. Ṣé o fẹ́ mọ̀ bí o bá yẹ ní ẹni tí ń gbé géèmù lọ? Gbé e kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o tó lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ. Bí o bá lè ṣe é pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ìwọ ni ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí o kò bá lè gbé kalẹ̀, kì í ṣe ìwọ ni o gbé e. Òun ni ó gbé ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé èyí kò ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Pópù Leo Kẹrìnlá kéde ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Carlo Acutis, ní ẹni mímọ́. A bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1991, ó dàgbà ní Milan, àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì pa á ní ọdún 2006, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15. Carlo ní ẹ̀rọ géèmù nílé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà tí ó mọ̀ ọ́n lò gan-an ni ó fi ṣe àkójọ àwọn iṣẹ́ ìyanu Yúkárístì Mímọ́ fún gbogbo ayé láti rí. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni mímọ́ kì í ṣe àìní géèmù. Ó ní ohun tí ó fẹ́ràn ju géèmù lọ.

Èyí ni ó kàn yín, ẹ̀yin òbí: ǹjẹ́ ẹ ti fún ọmọ yín ní ohun tí yóò fẹ́ràn ju géèmù lọ? Ẹni Mímọ́ John Bosco, bàbá àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú Turin, kọ lẹ́tà láti Róòmù ní ọdún 1884 sí àwọn olùkọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni pé wọn kò bá àwọn ọmọ ṣeré mọ́, tí ìfọkàntán sì ti kúrò láàárín wọn. Ó fẹ́ kí àgbà fẹ́ràn ohun tí ọmọ fẹ́ràn, kí ọmọ lè kọ́ láti fẹ́ràn ohun tí àgbà fẹ́ràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Salésíà, ti wà nítòsí wa ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1982, wọ́n sì ń fi pápá ìṣeré àti iṣẹ́ ọwọ́ kó àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra títí di òní. Bàbá tí ó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó fi géèmù náà hàn án yóò mọ̀ nípa ọmọ náà ju ohun tí ìbínú ọdún mẹ́rin lè sọ fún un.

Nítorí náà, kí ẹrù tó wọ ọkọ̀, ẹ jókòó pọ̀. Kí ọmọ sọ iye wákàtí tí yóò máa ta á, kí òun fúnra rẹ̀ dá a. Kí ó ṣe ìlérí pé òun kò ní fi owó ta á, òun kò ní fi òru ta á, òun kò sì ní tìtorí rẹ̀ pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Kí ó fi èsì ìdánwò rẹ̀ han òbí, ìbáà dára, ìbáà burú. Kí òbí náà ṣe ìlérí pé òun yóò gbọ́ òtítọ́ láìkígbe. Bí èsì bá burú, kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà padà wálé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹnìkan nínú yín kò lè dá ọ̀rọ̀ yìí yanjú.

Bí ẹ bá sì ti fi ọwọ́ òsì bá a wí, ẹ má ṣe gbàgbé láti fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra kí ọkọ̀ tó gbéra.

Kí Màríà Wúńdíá, tí ó wá Ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó rí i láàárín àwọn olùkọ́ nínú Tẹ́ḿpìlì, bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo òbí tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi, àti fún gbogbo ọmọ tí ó jìnnà sílé. Àmín.