Ooru Ẹ̀rọ Rẹ, Ta Ló Ń Gbà Á?

Àwọn àgbà ní ẹni bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Gbogbo wa la mọ òwe yìí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò bi wá, òun ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí: ilẹ̀ tí o tẹ̀ tó tutù yẹn, ooru tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibo ló gbà lọ?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló fa ìbéèrè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ilé wọn wà ní Ajégúnlẹ̀ ń gbèrò láti to kọ̀ǹpútà géèmù tí yóò máa fi omi tu ara rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì pa o. Èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ á ra pọ́ǹpù, á ra rédíétọ̀, á ra họ́ọ̀sì, tí á sì so wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú ni. Bó ṣe gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní hostel báyìí, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni: ní àdúgbò tí èèyàn ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ìwọ fẹ́ fún ẹ̀rọ lómi mu? Ẹlòmíì ní kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Owó rẹ̀ ni, yàrá rẹ̀ ni, omi rẹ̀ ni. Lójú tèmi, omi ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ ooru gan-an lẹjọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti yọjú wo ẹnjìnnì mọ́tò rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà géèmù, ibi méjì ló ń gbóná jù: ọpọlọ rẹ̀ tí à ń pè ní CPU, àti graphics card tó ń ya àwòrán. Wọ́n á gbé irin bàbà pẹlẹbẹ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí, omi á máa gba inú bàbà yẹn kọjá. Omi á gbé ooru, á gba inú họ́ọ̀sì lọ sí rédíétọ̀, fáànù á fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ara rédíétọ̀, ooru á bọ́ sínú yàrá, omi á sì padà lọ gbé òmíràn. Pọ́ǹpù ló ń tì í. Táńkì kékeré kan máa ń wà lókè pọ́ǹpù kó má baà fa afẹ́fẹ́ mu, torí pọ́ǹpù tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsí omi, kì í pẹ́ tí í fi kú.

Ètò rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Bàbà àti alumíníọ̀mù kì í gbé inú omi kan náà, ọ̀kan á máa jẹ èkejì ni. Kí o tó tan gbogbo ẹ̀rọ, pọ́ǹpù nìkan ni o máa kọ́kọ́ tàn, bí ọjọ́ kan gbáko, pẹ̀lú tíṣù lábẹ́ gbogbo oríkèé, kí o mọ ibi tó ń jò. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Ká ní graphics card rẹ jẹ́ RTX 3080 tó ń jẹ 320 wáàtì, tí CPU rẹ sì ń jẹ 125. Ó di 445 wáàtì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a máa fún fáànù kọ̀ọ̀kan lára rédíétọ̀ ní bíi 100 sí 150 wáàtì, torí náà bíi fáànù mẹ́rin lo máa nílò. L'Ékòó tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ 32°C lọ́sàn-án, àfi kó o fi kan kún un, torí rédíétọ̀ kankan kò lè mú omi tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ.

Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Ká ní omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà kan, tí o sì pa gbogbo fáànù. Pẹ̀lú 445 wáàtì yẹn, omi náà á kúrò ní 32°C, á dé 60°C láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. 60°C yìí ni ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ti ń ní ó tó. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré! Kí nìyẹn ń sọ fún wa? Omi kì í pa ooru. Omi kì í gbé e mì. Ó kàn ń gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Aláàárù ni omi, kì í ṣe apànìyàn.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn, ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni nítorí omi. Lítà kan, pure water méjì nìyẹn. Omi náà kò sì tán: èyí tó jáde ló ń padà wọlé, fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí omi bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ara wa ná. Àwa tí à ń fi fóònù bi AI ní ìbéèrè assignment, kọ̀ǹpútà ńláńlá lókè òkun ló ń dá wa lóhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń jẹ́ kí omi di oruku lọ sójú ọ̀run kí ara wọn lè tutù. Google fúnra wọn kéde pé omi tí àwọn lò ní ọdún 2022 lé ní bílíọ̀nù 5 gálọ́ọ̀nù. Omi tiwọn yẹn kì í padà sínú họ́ọ̀sì. Ẹni tó ń fi ìka kan na akẹ́kọ̀ọ́ onílítà-kan, mẹ́rin tó kù ń na òun náà.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe lítà kan. Ohun tó ń dùn ún ni pé omi wà nínú gíláàsì, iná aláwọ̀ mèremère ń tàn sí i, nígbà tí ìyá kan ń ka iye kẹ́ẹ̀gì tó kù kó tó lè fọṣọ ọmọ. Ìrora yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ bí lítà kan yẹn kò bá wọ inú kọ̀ǹpútà, kò ní tìtorí ẹ̀ wọ inú kẹ́ẹ̀gì ìyá yẹn.

Ó wá ku ẹnì kejì, ẹni tó ní owó rẹ̀ ni, yàrá rẹ̀ ni. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Ìwọ tí o ní yàrá rẹ ni, ṣé ooru mọ ibi tí yàrá rẹ parí sí? Ara èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru bíi 100 wáàtì. Kọ̀ǹpútà yìí, pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, á máa fa bíi 550 wáàtì. Ìyẹn ni pé bó o bá ń ta géèmù, bí ẹni pé o pe èèyàn márùn-ún tó sanra wọ inú yàrá ni. Nínú ilé face-me-I-face-you, níbi tí yàrá ti dojú kọ yàrá, tí fèrèsé rẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú fèrèsé ẹlòmíì, ìwọ á ṣí fèrèsé kí ooru lè jáde. Jáde lọ sí ibo? Ọmọ ìkókó tó wà níwájú fèrèsé kejì ló lọ bá.

Ìyẹn gan-an ṣì kéré. Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé NEPA ti di PHCN ní 2005, tí wọ́n sì ti tà á fún àwọn aládàáni ní 2013, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì gbàgbé orúkọ náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ kò lè gbé 550 wáàtì pẹ́ kó má sunkún, o máa ní láti ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Nínú agbára tó wà nínú epo bẹntiróòlù tó o rọ sínú ẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ń di iná. Èyí tó kù, ooru àti ariwo ni, pẹ̀lú èéfín tó ń pa èèyàn bó bá há mọ́ inú ilé. Nítorí náà, bí 550 wáàtì bá wọ yàrá rẹ, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tó dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ ń gbádùn omi tútù nínú, aládùúgbò ń gba èyí tó pọ̀ jù níta. Ẹ sì wo orúkọ tí àwa fúnra wa fún jẹnẹrétọ̀ kékeré: I-better-pass-my-neighbour. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn wa ló sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó ní ẹnu òun ló ń jẹ kòkòrò náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n etí ta ló ń gbọ́ ọ?

Bẹ́ ẹ bá ti gbà pé ooru kì í parẹ́, pé ó ń ṣí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ bá ẹlòmíì ni, ẹ jẹ́ ká gòkè díẹ̀ ká wo àdúgbò náà lódindi. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ pààlà ni. Ibi tí wọ́n ti pàdé gan-an, Boundary là ń pè é. Ajé gúnlẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú yìí. Ṣùgbọ́n èbúté wà ní Àpápá, Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977 náà kò jìnnà. Àní kọ̀ǹpútà tí à ń wí yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló gbà wọlé. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Basel tó wà ní Ìbàdàn ṣe ní 2015 àti 2016 fi hàn pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò tokunbo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun ti gbádùn rẹ̀ tán. Ọmọ wa tó ń sun wáyà kó lè rí bàbà tà ló ń fa èéfín rẹ̀ símú. Rédíétọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n fi wá ṣe.

Bákan náà ni ti tírélà. Ọjà tó ń wọ Àpápá, gbogbo Nàìjíríà ló ń jẹ ẹ́, owó kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń lọ sí Àbújá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà tírélà tó ń dúró de èbúté ni àwọn ará àyíká fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ìpè tírélà dé ní oṣù kejì ọdún 2021, Ètò náà ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni pé kí tírélà dúró sí páàkì títí wọn ó fi pè é. Ìdúró náà kò parẹ́, ó ṣípò ni. Kí n má parọ́ mọ́ èbúté: ọ̀pọ̀ ọmọ Ajégúnlẹ̀ ló ti rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ ló sì mú bàbá ẹlòmíì dé àdúgbò náà.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, bí gbogbo ooru bá gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda, ta ló máa dáná? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Màmá tó ń din àkàrà ní Boundary náà ń rán èéfín sí ará àdúgbò. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bínú sí i? Torí pé ẹni tó ń gba èéfín ló ń jẹ àkàrà. Èrè àti èéfín gba ọ̀nà kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ìdáhùn wà. Kò sí ẹni tó lè wà láàyè láìtú ooru. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú pé a tú u. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú pé a pín in, kí ìtura jẹ́ tèmi, kí ooru jẹ́ tìrẹ, ká sì pe ìyẹn ní owó mi ni. Ibi tí ooru rẹ bá gbà, jẹ́ kí èrè díẹ̀ gba ibẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, mi ò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fa ìwé rẹ̀ ya. Kó to ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ́gbọ́n nínú, ọgbọ́n sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kó fi ìlà kan kún àwòrán náà, ìlà tí yóò jáde kúrò lára rédíétọ̀, tí yóò gba fèrèsé kọjá, kó sì kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sí i. Kó dín agbára graphics card náà kù sí bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Géèmù kò ní fi bẹ́ẹ̀ falẹ̀, ooru á sì dín kù gidi. Bó bá tan jẹnẹrétọ̀, kó bá ará ilé sọ aago tí yóò pa á, kó sì fa wáyà kan fún fáànù ìyá ọlọ́mọ. Bí ọmọ ilé bá fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà, kó ṣílẹ̀kùn.

Nínú èdè wa, ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ̀ súnmọ́ra gan-an, àmì ohùn kan ló yà wọ́n. Omi ẹ̀rọ ni èyí tó ń ti inú páìpù jáde. Omi ẹ̀rọ̀ ni omi inú ìgbín, tí a fi ń tu ohun tó bá le. Èyí tó wà nínú họ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ti àkọ́kọ́ ni. Kó tó di èkejì, ó dọwọ́ ohun tí ará yàrá kejì bá sọ lálẹ́, nígbà tí fáànù bá ń fẹ́.