Ta Ni Wọ́n Ń Yìn Nínú Fóònù?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí èèyàn bá ya fọ́tò lẹ́nu géètì onílé, tó gbé e sórí Instagram bí ẹni pé ilé òun ni, ṣé irọ́ ló pa ni àbí eré ló ṣe?

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa l'Ájégúnlẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra nínú ilé wọn, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Bó bá di ọjọ́ Sánńdè, á gba Boundary kọjá sí Àpápá, á ya fọ́tò níwájú mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tí kò rí i rí á sì máa yìn ín. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní òun ń bọ̀ wá kí i nílé, ṣe ló pa fóònù, tó bú sẹ́kún.

Kí n tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kí fóònù GSM tó wọ Nàìjíríà ní 2001, mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn tí a jọ ń kọ lẹ́tà síra. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì bọ̀dá kan l'Ápápá ni mo fún un, mo ní ilé wa nìyẹn. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ọkàn mi á bàjẹ́. Ọmọ Àpápá ló ń kọ̀wé sí, kì í ṣe èmi.

Ẹ ò rí i pé fóònù kọ́ ló kọ́ wa nírọ́. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń pa tèmi; tòní, wákàtí wákàtí ni. Ní 2021, Frances Haugen, tó ti ṣiṣẹ́ ní Facebook, tú àwọn ìwé ilé iṣẹ́ náà síta. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fúnra wọn wà níbẹ̀, pé Instagram ń mú kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan túbọ̀ kórìíra bí ara wọn ṣe rí.

Aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíì kò lè bá wa mu; bẹ́ẹ̀ náà ni ìyìn. Kí ló tiẹ̀ ń tini lójú? Daddy Showkey kò fi Ajégúnlẹ̀ pa mọ́, síbẹ̀ gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ ẹkún yẹn, nínú gbogbo àwọn tó ń yìn ín, kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá alákàrà tí yàrá wọn kọjú síra ló wá kanlẹ̀kùn. Òun ló mọ ẹni tó ń sunkún.