Ẹ̀bi Ta Ni Ìrẹ̀wẹ̀sì?

Ní Mowe, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni ọkọ̀ ti ń pe èrò Èkó. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí kì í gbẹ́yìn nínú èrò wọ̀nyí. Nígbà tí ó yá, a kò rí i mọ́. Ilé ni ó jókòó sí. Kò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wù ú jẹ, oorun kò kùn ún. Bí a bá kí i, ohùn rẹ̀ a máa dún bí ẹni pé láti inú kànga ni ó ti ń dáhùn. Èmi náà lọ wò ó. Mo ní, “Ẹ mú ọkàn le, ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin kì í ṣe báyìí.” Ó wò mí títí, ó ní, “Àbúrò, ọkàn wo?”

Ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi. Ohun tí mo ní kí ó fi jà gan-an ni ohun tí ó ń ṣàìsàn.

Ǹjẹ́ ẹ̀bi ẹni ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn? Àwa Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìyà yìí: inú a máa bàjẹ́, ọkàn a máa rẹ̀wẹ̀sì, ènìyàn a sì máa sorí kodò. Síbẹ̀, ní 1953, dókítà òyìnbó kan, J. C. Carothers, kọ ọ́ sínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde pé irú àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàrin adúláwọ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò. Òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí ní agbègbè náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Wọ́n bá àwọn àmì àìsàn náà láàrin wa dáadáa. Ohun tí wọn kò bá ni orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó àwọn àmì náà jọ gẹ́gẹ́ bí àìsàn. Ohun tí a kò bá sì pè ní àìsàn, ìwà ni a ó pè é.

Oògùn kan wá dé tí ó mú ìbéèrè mi gbóná sí i. Ketamine kì í ṣe àjèjì nílé ìwòsàn wa. Calvin Stevens ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1962. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, pàápàá níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbára lé, nítorí kì í sábà dá èémí dúró. Ní 2000, àwọn dókítà Yunifásítì Yale ròyìn ìwádìí kékeré kan: wọ́n fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì dè mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì náà sì dínkù láàrin wákàtí 72. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn oògùn ti tẹ́lẹ̀ máa ń gbà. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan tí a ń fín símú, esketamine.

Inú ọpọlọ dà bí ọjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà ni glutamate. NMDA sì ni ilẹ̀kùn kan tí ó máa ń gbà wọlé. Ketamine a dí ilẹ̀kùn yìí. Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé iṣẹ́ a wá gba ojú ọ̀nà mìíràn tú jáde, àwọn ẹ̀ka tí ó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, tí ìdààmú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti mú rọ, a sì tún máa rú. Wọn kò tíì fẹnu kò tán.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó. Bí oògùn díẹ̀ bá lè gbé ẹrù kúrò láyà ẹni láàrin ọjọ́ kan, a jẹ́ pé àìgbìyànjú kọ́ ni ó gbé e ka ibẹ̀. Ta ní ń bá ẹsẹ̀ tí ó kán wí? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìsàn yìí gan-an ni ó ń pa ẹni lẹ́nu mọ́. Wọ́n tún ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bí a bá mú ẹ̀sín kúrò lára àìsàn, òwe yẹn kò ní rí ẹni pa.

Ṣé ọpọlọ nìkan wá ni ènìyàn? N kò gbà. Agbára ketamine a máa relẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ó sì léwu: ní 2023, ó wà lára ohun tí ó pa Matthew Perry, òṣèré ará Amẹ́ríkà. Oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ dúró tì ni, kì í ṣe ti kẹ́míìsì ẹ̀bá ọ̀nà. Lambo mọ èyí tí ó kù. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin ará abúlé ní àyíká Arò, pẹ̀lú ẹbí wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Oògùn ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ènìyàn ni ó ń dì í mú kí ó má padà tì. Ibùdó àdúrà ńláńlá wà lẹ́bàá ọ̀nà wa ní Mowe àti Ibafo. Ẹni tí ó lọ síbẹ̀ kò ṣìṣe, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ní kí ó da oògùn nù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn ẹbí aládùúgbò mi wá mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ifọ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń lọ rí dókítà. Wọn kò fún un ní ketamine. Oògùn ojoojúmọ́ ni wọ́n fún un, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń kà á lé e lọ́wọ́ láràárọ̀. Nígbà tí ó padà dé, mo lọ tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa àga fún mi, ó ní, “Àbúrò, jókòó.”