Ta Ló Ni Àpò Ìdọ̀tí Yìí?

Àpò dúdú kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Fúláàtì mẹ́jọ ló wà nínú ọgbà wa l'Ékòó, dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí mẹ́ta péré la sì ní lẹ́bàá géètì. Bí ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ bá wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọjá tí a ò rí ọkọ̀. Dúrọ́ọ̀mù kún, ìdin ń rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará ìsàlẹ̀, òórùn gba gbogbo ọgbà. Ìgbà yẹn gan-an lẹnìkan lọ gbé àpò ńlá kan sí ìdí ẹ̀rọ omi tí gbogbo wa ti ń pọnmi. Kò tiẹ̀ so ó lẹ́nu.

Ẹ sáà mọ bí ilé tí èèyàn pọ̀ sí ṣe ń rí. Orí WhatsApp la ti kọ́kọ́ jà. "Kì í ṣe tèmi o." "Kì í ṣe tiwa náà." Fúláàtì mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó ni àpò. Àfi bíi pé iwin ló ń se indomí nínú ọgbà wa. A wá pinnu pé ká tú u, ká rí ẹ̀rí. A wọ ìbọ̀wọ́, a da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a dúró yí i ká.

A rí ẹ̀rí lóòótọ́. Ìwé ilé ìwòsàn tó lórúkọ lára, páálí oògùn lóríṣiríṣi, àti lẹ́tà tí wọ́n fi dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Arábìnrin fúláàtì kẹfà ni. Oṣù mẹ́rin ni lẹ́tà náà ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ló ń múra, tó ń kí wa, tó ń jáde bí ẹni ń lọ ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. A kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò. Nígbà tí a lọ gba owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún márùn-ún náìrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó san án lójú ẹsẹ̀. Ohun kan ló bi wá: "Ṣé ẹ kà á tán?"

Láti ìgbà náà la ti ń bi ara wa bóyá a jẹ̀bi. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà rí. Àwọn ọlọ́pàá kan ní California ní kí kólẹ̀kólẹ̀ ya àpò ìdọ̀tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Greenwood sọ́tọ̀ fáwọn. Wọ́n tú u, wọ́n bá ẹ̀rí oògùn olóró nínú rẹ̀. Ní 1988, adájọ́ mẹ́fà ní ẹni tó bá ti gbé ìdọ̀tí síta, níbi tí ajá, ọmọdé àtẹnikẹ́ni ti lè tú u, kò lè pè é ní àṣírí mọ́. Adájọ́ méjì ò gbà. Lójú tiwọn, àpò kan ṣoṣo lè tú gbogbo ìgbésí ayé èèyàn síta.

Ó wù wá ká sá sẹ́yìn àwọn mẹ́fà yẹn, àmọ́ kò ṣeé ṣe. Bí àpò náà kì í bá ṣe tirẹ̀ mọ́ nígbà tó dà á nù, kí la gba owó ìtanràn fún? Bó bá sì jẹ́ tirẹ̀, kí la ń wá nínú lẹ́tà rẹ̀? A fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ nígbà tó ń rùn, ká sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé nígbà tó di ohun kíkà. Ká sọ tòótọ́, òun náà ṣe irú rẹ̀: kò ni ín lórí WhatsApp, ó wá ni ín nígbà tí a tú u. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí a ṣe ń pè é. Ẹni tó lọ dalẹ̀ sí ààtàn àti ẹni tó dalẹ̀ ọ̀rẹ́, ohùn kan náà ni.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń ti ọmọlanke kọjá, tó ń ṣa ike, agolo àti páálí, irú àwọn tó kún ààtàn ńlá Olúsosùn l'Ọ́jọ́ta. Ó ti pẹ́ tó ti ń tú ìdọ̀tí wa. Ó ní láti mọ ẹni tó ń mutí àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bóyá ó tiẹ̀ ti mọ̀ nípa fúláàtì kẹfà ṣáájú wa. A ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ rí. Ike ló ń wá, ike ló ń mú. Ìtìjú ló jẹ́ pé a ò mọ orúkọ rẹ̀.

A ti ra dúrọ́ọ̀mù méjì sí i. Ọ̀kan wà fún ike àti agolo, èkejì fún páálí, nítorí páálí tí omi ọbẹ̀ bá ti kán sí, kò sẹ́ni tó máa rà á. Oníkálukú ń kọ nọ́ńbà fúláàtì rẹ̀ sára àpò, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ tú àpò ẹlòmíì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Àwọn kan ní ká dá a padà, àwọn kan ní bí a bá dá a padà, ìdí ẹ̀rọ omi á tún di ààtàn.

Arábìnrin náà ṣì ń kí wa láàárọ̀, àmọ́ kì í múra mọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àpò rẹ̀ lọ sójú títì, á sì dúró tì í títí wọ́n á fi kó o.